Lékeléke Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi ní Kafanchan lọ́jọ́ Ẹtì,
kí oòrùn tó kúrò lórí páànù aládùúgbò.
Talatu Bobai ni, àti Zamani àbúrò rẹ̀,
wọ́n gbé páálí kan dání bí ẹni gbọ́mọ tuntun.
"Bàbá, àwa la ra Lékeléke."

Mo ní, ta ní ń ra ẹyẹ?
Wọ́n ní orúkọ ni, Bàbá, orúkọ àti àmì,
àwọn ọmọ Ọ̀jẹ́lábí ló tà á fún wa
níwájú lọ́yà, ní Kaduna.
Ẹ̀rín pa mí. Láyé tiwa,
ọmọ là ń sọ lórúkọ, a kì í gbé orúkọ lé àtẹ.

Ọ̀jẹ́lábí ará Ọ̀fà, fítà ni nílé iṣẹ́ rélùwéè,
ọkùnrin tí í fi etí mọ bọ́ọ̀tì tó fẹ́ tú.
Bílẹ̀ bá ṣú, kì í sùn,
á jókòó ti agolo mílíìkì,
á gé e, á tẹ̀ ẹ́, á fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ra;
kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ́ńjìnnì kan ti dìde lórí tábìlì,
kò ga ju àtàǹpàkò méjì lọ,
àmọ́ bó o bá wò ó pẹ́, wàá gbóòórùn èédú.

Èmi ni mo ń kùn ún. Rájì Mai Fẹ́ńtì.
Lékeléke funfun kan lára ilẹ̀kùn kóòṣì kọ̀ọ̀kan,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lábẹ́ ìyẹ́.
Wọ́n ní mo mọ àwòrán yà. Irọ́ ni.
Ẹsẹ̀ kejì ló ń ṣòro fún mi.
Ọ̀jẹ́lábí wò ó, ó ní fi sílẹ̀,
ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ ní Kafanchan
gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń sinmi ẹsẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ gan-an kò wá mọ́.
Ewúrẹ́ ń bímọ sáàárín irin méjèèjì.
Ọ̀jẹ́lábí kú lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ́,
wọ́n gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lé òṣùwọ̀n onípàǹtí irin:
ọmọ owú, ẹ̀mú, ayùn tín-ín-rín nì.
Kílò mọ́kànlá. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ka nọ́ńbà.

Talatu ṣí páálí.
Ẹ́ńjìnnì náà ń dán bí ojú omi,
ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ, iná ò kàn án.
Pupa rẹ̀ jẹ́ pupa tòmátì; tiwa ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀,
eruku ọ̀nà Kagoro ni mo ń jọ̀ sínú ọ̀dà.
Lékeléke wà lára ilẹ̀kùn,
ó fẹsẹ̀ méjèèjì dúró gbọnrangandan bí ọlọ́pàá.

Mo ní, èyí kì í ṣe tiwa.
Zamani ní, Bàbá, ẹsẹ̀ kan jọ àṣìṣe.
Mo ní, àṣìṣe yẹn gan-an lẹ rà.

Talatu ò sọ̀rọ̀. Ó tú aṣọ kan nínú báàgì,
kóòṣì agolo kan ló wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà,
bàbá rẹ̀ tó jẹ́ gáàdì ló rà á fún un lọ́dún Kérésì kan.
Ẹyẹ ara rẹ̀ ti ṣá, ẹsẹ̀ kan náà ló kù.
Mo nawọ́. Mo ní, bírọ́ọ̀ṣì dà?

Wọ́n to irin yí ẹsẹ̀ àga mi ká,
ọkọ̀ gbéra, ó ń kùn bí oyin.
Ti àtijọ́ máa ń ṣubú ní kọ́nà kẹta,
ìgbà gbogbo,
ìka mi á sì ti dúró dè é níbẹ̀.
Èyí ò ṣubú. Ó gba kọ́nà, ó tún gbà á,
ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ogún ìgbà,
Zamani ń rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kó rẹ́rìn-ín,
iṣẹ́ dára, mi ò ní bá irin jowú.
Ìgbà tí mo máa wolẹ̀,
ìka mi rèé ní kọ́nà kẹta, ó tẹ̀ díẹ̀,
atẹ́gùn kékeré ń fẹ́ lù ú,
ọkọ̀ ń kọjá.